Ìrìn-àjò Mi sí Òṣogbo, Níbi tí Ọmọ Wa ti Ń Kọ́ Iṣẹ́ Iná

Kò sí àdúgbò kan ní ìlú wa tí a kì í ti í gbọ́ ariwo ayọ̀ àwọn ọmọdé nígbà tí iná mànàmáná bá dé. "Up NEPA!" ni wọ́n ń ké, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2005 ni NEPA ti kógbá wọlé. Bí iná bá sì lọ, èébú ni. Èmi pàápàá wà lára àwọn tí ń bú. Ìrìn-àjò tí mo fẹ́ ròyìn yìí ni ó kó mi ní ìjánu.

Àbúrò mi obìnrin ní ọmọbìnrin kan tí ń kọ́ nípa ẹ̀rọ iná ní yunifásítì. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó gba oyè. SIWES ni orúkọ ètò náà, àwọn ọmọ fúnra wọn a máa pè é ní IT. Ní 1973 ni Industrial Training Fund dá a sílẹ̀, kí àwọn ọmọ má baà jáde pẹ̀lú ìwé lórí, kí ọwọ́ wọn má sì mọ iṣẹ́. Òṣogbo ni a fi ọmọ wa sí, ní ọ́fíìsì ìjọba tí ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, tí à ń pè ní National Control Centre. Abẹ́ TCN ni ó wà nígbà náà. Láti 2025 ni àjọ ìjọba mìíràn, NISO, ti gba àkóso rẹ̀.

Inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù October 2024 ó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé òun kò ṣe mọ́, òun ń bọ̀ nílé. Oṣù mẹ́ta péré ni ó tíì ṣe. Bí ó bá fi í sílẹ̀, ọdún kan gbáko lè ṣòfò, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ kan nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó fi omijé tọ̀ mí wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi lọ wò ó."

Ní kùtùkùtù ọjọ́ Sátidé ni mo wọ ọkọ̀ ní Ìbàdàn. A kọjá Aṣéjìrẹ́, níbi tí a ti sé odò Ọ̀ṣun kí ará Ìbàdàn lè rí omi mu. A dé Ìkirè, àwọn olùtajà sì sáré tọ ọkọ̀ wa wá pẹ̀lú dòdò dúdú aláta tí ìlú náà fi lórúkọ. Ní Gbọ̀ngán a yà sí ọ̀nà òsì, a gba Òde-Òmu àti Akóda kọjá. Bí a ti ń súnmọ́ Òṣogbo ni mo rí àwọn òpó irin gàgàrà tí wọ́n na apá sí ọ̀tún àti òsì, tí wọ́n tò lọ nínú igbó bí èrò tí ń ti ọjà bọ̀. Mo ti rí wọn nígbà púpọ̀ rí, ṣùgbọ́n n kò béèrè ibi tí wọ́n ń lọ.

Ọmọ náà mú mi dé ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kò jẹ́ kí n wọlé, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìwòran. A lọ jókòó ní ìsọ̀ olóúnjẹ kan. Mo ní kí ó kọ́kọ́ sọ fún mi ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ wo obìnrin mẹ́ta tí ń gún iyán nínú odó kan. Bí ọmọ odó ti ń lọ ni ó ń bọ̀, kò sì sí èyí tí ó gbọ́dọ̀ yára tàbí kí ó falẹ̀ ju èkejì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Kainji, Jẹ́bà, Shiroro, Ẹgbin àti àwọn ilé iná yòókù. Ìwọ̀n ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ni ìlù tí gbogbo wọn ń jó sí. Iná kò ṣeé kó sí àká bí àgbàdo. Bí a ti ń ṣe é ni a ń lò ó. Bí ìlò bá ju èyí tí a ń ṣe lọ, nọ́ńbà yẹn a lọ sílẹ̀. Bí ìlò bá dín, a lọ sókè. Òfin kò fẹ́ kí ó kéré sí 49.75, tàbí kí ó ju 50.25 lọ. Àwọn ọ̀gá wa ń ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru, wọ́n sì ń sọ fún àwọn ilé iná pé kí wọ́n fi kún un tàbí kí wọ́n dín in kù."

Mo béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ Òṣogbo. Ó ní oríta ni. Nígbà tí Kainji bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ ní 1968, waya rẹ̀ gba Jẹ́bà, kìlómítà 81. Láti Jẹ́bà dé Òṣogbo, kìlómítà 157. Kí ó tó kọjá sí Èkó. Mo rántí pé nítorí omi Kainji náà ni Bussa àtijọ́ ṣe rì, tí a kó àwọn ará ibẹ̀ lọ tẹ̀dó sí New Bussa. Iná tí à ń bú yìí, àwọn kan ti fi ilé baba wọn san owó rẹ̀.

Nígbà náà ni mo béèrè ohun tí ó lé e. Ó dorí kodò. Ní ọjọ́ 14, 15 àti 19 oṣù October yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàrin ọjọ́ mẹ́fà, iná gbogbo ilẹ̀ wa dà lulẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ 15, ó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń kọ àwọn nọ́ńbà sínú ìwé ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì kọ ọ̀kan ṣì. Ó mú ọ̀dà funfun jáde láti fi bò ó. Ọ̀gá rẹ̀ gba ọ̀dà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Fa ìlà kan lé e, kí á ṣì lè rí i kà. Kọ èyí tí ó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o sì fọwọ́ sí i." Ojú tì í. Nígbà tí ó padà dé ilé tí ó háyà, àwọn ará ilé dojú kọ ọ́: "Ẹ̀yin náà nìyí! Ẹ̀yin lẹ ń mú iná lọ!" Ó ní, "Bàbá, níbi iṣẹ́ n kò wúlò, nílé mo di ọ̀tá."

N kò lè dáhùn kíákíá, nítorí ní ọjọ́ 19 yẹn, èmi pẹ̀lú ti fi ẹnu mi bú wọn nílé. Mo wá sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rí. Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì kan, mo kọ iye owó kan ṣì, mo sì fi abẹ fá a kúrò. Fún ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ń wá owó tí kò sọnù, a sì ń fura sí ìránṣẹ́ kan tí kò mọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹta ni mo jẹ́wọ́. Mo ní, "Ọmọ mi, ká ní ẹnìkan ti gba abẹ lọ́wọ́ mi bí ọ̀gá rẹ ti gba ọ̀dà lọ́wọ́ rẹ, ìránṣẹ́ yẹn ì bá má sunkún. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Ẹni tí ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kò kà ọ́ sí aláìwúlò."

Ó dákẹ́ pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, ó sì jẹun. Èmi nìkan ni mo padà sí Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ó parí oṣù mẹ́fà rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Nígbà tí ó mú ìwé náà wá kí n wò ó, ojú-ewé ọjọ́ 15 October ni mo kọ́kọ́ ṣí. Nọ́ńbà tí ó ṣì wà níbẹ̀, ìlà kan ṣoṣo lórí rẹ̀, èyí tí ó tọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ìfọwọ́sí ọmọ wa nísàlẹ̀. Iná ṣì ń lọ ní àdúgbò wa. Bí ó bá lọ, mo ń tan àtùpà, n kì í sì í bú ẹnikẹ́ni mọ́.