Ilẹ̀ Maradi, Níbi tí Ebi ti ń Bá Òjò Rìn

Púpọ̀ nínú àwa ará ìhà gúsù ni ó gbà pé ọ̀dá nìkan ni ọ̀rẹ́ ebi, àti pé nígbàtí òjò bá ti bọ̀, ebi yóò di ẹrù rẹ̀, yóò sì lọ. Ẹni tí ó bá rí ilẹ̀ Maradi ní orílẹ̀-èdè Niger yóò mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012 ni a gba Katsina àti Jibiya kọjá lọ sí ìlú náà. Ọ̀nà náà dára láti wò: jéró dúró ní ọ̀tún àti ní òsì, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, àwọn ẹran ọ̀sìn sì ń jẹ koríko lẹ́bàá ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni àkókò náà gan-an ni ebi mú jùlọ.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ìgbà kan ṣoṣo ni òjò ní níbẹ̀ lọ́dún, láti nǹkan bí oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án. Ohun tí a bá kó sí àká ní ìkórè ni a ó máa jẹ títí ìkórè mìíràn yóò fi dé. Bí òjò èṣí bá kùnà, àká a ṣófo kí jéró tuntun tó gbó. Òjò sì ni ó ń mú ẹ̀fọn wá, ẹ̀fọn a sì mú ibà wá. Ebi a sọ ọmọ di aláìlágbára, ibà a sì gba ìwọ̀nba oúnjẹ tí ó kù lẹ́nu rẹ̀. Òjò ọdún 2011 ti kùnà ní ibi púpọ̀. Ní ọdún 2012, àwọn tí ebi dojú kọ káàkiri ilẹ̀ Sahel ju mílíọ̀nù 18 lọ.

A wọ̀ sí ilé oníṣòwò kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó gbọ́ èdè Háúsá dáradára. Òun ni ó mú wa lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní ìgbèríko, ní ọjọ́ tí a ń wọn àwọn ọmọ. Láti òwúrọ̀ kùtùkùtù ni àwọn ìyá ti jókòó lábẹ́ igi. Àwọn mìíràn ti fi òru rìn. Ọmọ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ igbe púpọ̀. Ẹni tí ó bá ti tọ́ ọmọ rí, kí ó rò ó wò.

Olùtọ́jú aláìsàn a fi ọ̀já ìwọ̀n tínínrín kan tí ó ní àwọ̀ mẹ́ta yí apá òsì ọmọ ká. Bí ó bá dúró lórí àwọ̀ ewé, ó dára. Bí ó bá bọ́ sí àwọ̀ ìyeyè, ewu ń bọ̀. Bí ó bá bọ́ sí pupa, èyíinì ni pé àyíká apá náà kò tó mìlímítà 115, ikú ti súnmọ́ tòsí. Bí ọmọ tí ó bọ́ sí pupa bá ní àìsàn líle mìíràn, tàbí tí kò bá lè jẹun, a ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Bí ó bá lè jẹun, a ó fún ìyá rẹ̀ ní oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan, yóò sì gbé e lọ sílé.

Oúnjẹ náà ni ẹ̀pà lílọ̀ kúnná tí a pò mọ́ wàrà gbígbẹ, ṣúgà, òróró àti àwọn èròjà afáralókun. Orúkọ rẹ̀ ni Plumpy'Nut. André Briend, oníṣègùn àwọn ọmọdé ará Faransé, àti Michel Lescanne ni ó ṣe é ní ẹ̀wádún 1990. Àpò kan wọn gíráàmù 92, ó sì ní kálórì 500. Kò fẹ́ iná, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ omi. Kí ó tó dé, wàrà tí a gbọ́dọ̀ fi omi mímọ́ pò ni a ń lò. Nítorínáà ìyá ní láti bá ọmọ kan gbé ní ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbàtí àwọn yòókù wà nílé láìní alágbàtọ́, tí igbó sì ń kún oko. Ní ọdún 2005, lẹ́hìn ọ̀dá àti eṣú ọdún 2004, ẹgbẹ́ oníṣègùn Médecins Sans Frontières tọ́jú ọmọ tí ó ju 60,000 lọ ní Niger, púpọ̀ jùlọ nínú wọn nínú ilé ara wọn. Ní ọdún 2007 Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí irú ìtọ́jú yìí.

Ìyá kan gbé ìbejì wá, Hassan àti Hussaini, gẹ́gẹ́ bí àwọn Háúsá ti ń pe Táíwò àti Kẹ́hìndé tiwọn. Apá Hassan bọ́ sí pupa. Ti Hussaini dúró lórí àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ìyeyè. A ka àpò fún ọ̀kan, a kò kà fún èkejì. Ìyá náà wo ohun tí a kó sí iwájú rẹ̀, ó ní, “Inú kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá. Báwo ni mo ti lè máa bọ́ ọ̀kan kí èkejì máa wò ó lẹ́nu?”

Olùtọ́jú náà dá a lóhùn pẹ̀lẹ́ pé, “Ìyá Ìbejì, oògùn ni èyí, ẹ má pè é ní oúnjẹ. Ẹ kò jẹ́ pín oògùn ibà ọmọ kan fún èkejì tí ara rẹ̀ le. Bí ẹ bá pín in, kò ní í tó ẹnìkan. Ẹ gbé àwọn méjèèjì padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.”

Ọ̀rọ̀ olùtọ́jú náà tọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá náà pẹ̀lú tọ́. Ó dúpẹ́, ó pọn ọ̀kan, ó gbé èkejì lé apá, ó sì lọ. Àwa tí a ti ilẹ̀ ìbejì wá kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Kí ẹnikẹ́ni máṣe rò pé asán ni iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1998, nínú ọmọ 1,000 tí a bí ní Niger, 226 ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún; ní ọdún 2009 ó ti dín sí 128. Àwọ̀n ẹ̀fọn, ìtọ́jú ibà àti ìgbẹ́ gbuuru, àti bíbọ́ àwọn tí ebi ti sọ di egungun wà lára ohun tí ó ṣe é.

Síbẹ̀, àká tí ọmọ náà fi sílẹ̀ ni yóò padà bá. Nítorínáà ni iṣẹ́ Tony Rinaudo fi yẹ ní sísọ, míṣọ́nárì ará Australia kan nínú ẹgbẹ́ SIM, ẹgbẹ́ kan náà tí àwọn ará Yàgbà mọ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀. Ní ọdún 1983, ní ilẹ̀ Maradi yìí, ó ṣàkíyèsí pé ohun tí ó dàbí igbó ṣákálá nínú oko jẹ́ ẹ̀ka tí ń rú láti ara kùkùté igi tí a ti gé. Gbòǹgbò wọn kò kú. Òun àti àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dá díẹ̀ sí nínú àwọn ẹ̀ka náà, wọ́n sì ń rẹ́ ìyókù. Igi padà sí orí ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù hẹ́kítà márùn-ún ní Niger, ó ń dá ìjì dúró, ó sì ń fi ewé rẹ̀ bọ́ ilẹ̀ àti ẹran. Ẹ rántí Hágárì nínú aginjù: kànga ti wà nítòsí rẹ̀; ojú rẹ̀ ni Ọlọ́run là.

Ó ku ohun kan tí ó kàn wá. Ní ọdún 2005, jéró kò tán lọ́jà Niger, owó rẹ̀ ni ó ga ju agbára tálákà lọ. Ọjà Nàìjíríà sì wà lára ohun tí ó ń gbé owó náà sókè, nítorí níbi tí owó bá gbé dára ni oníṣòwò ń kó ọkà rẹ̀ lọ. Ebi ọ̀dọ̀ wọn kò ṣe àjèjì sí wa. A sì ń rí àwọn ìyá láti Niger tí ń tọrọ bárà pẹ̀lú ọmọ wọn ní ìgboro Èkó àti Ìbàdàn. Púpọ̀ a máa lé wọn, wọn a ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Ẹ̀yin ará ilé onígbàgbọ́, kí ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ bèèrè bí òjò ti rí nílé wọn. Ẹ fún ọmọ náà ní oúnjẹ, ẹ fi ọ̀nà ilé ìwòsàn hàn ìyá rẹ̀, kí ẹ sì máa dárúkọ ilẹ̀ Niger nínú àdúrà ìdílé yín. Kí Olúwa kí ó bùkún oko wọn àti tiwa.