Máàkì Àárín Sáà Kì í Ṣe Ìdájọ́ Ìkẹyìn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kan ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní yunifásítì, ó sì kan ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Gbogbo ìgbà tí sáà ẹ̀kọ́ bá ti dé àárín, tí àwọn olùkọ́ bá ti lẹ máàkì tẹ́ẹ̀sì mọ́ ara pátákó, ni àwọn òbí máa ń wá sí ọ́fíìsì mi pẹ̀lú ìbànújẹ́. Wọn á ní, "Pásítọ̀, ẹ bá wa gbàdúrà, ọmọ wa ti fìdí rẹmi." Bí mo bá béèrè pé ìdánwò wo ni, mo máa ń rí i pé ìdánwò gan-an kò tíì dé. Tẹ́ẹ̀sì lásán ni. Àárín ọ̀nà ni ọmọ wà, àwọn ará ilé sì ti ń ṣọ̀fọ̀ bí ẹni pé ìrìn àjò ti parí.

Èmi kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì. Ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì ni mo lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti wọ inú ilé mi rí, mo sì fi ojú ara mi rí bí a ṣe ń gbé máàkì tó ti wólẹ̀ dìde. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Mọ́kànlá nínú ọgbọ̀n

Ọmọ mi obìnrin kejì rí àyè wọ yunifásítì láti kọ́ nípa oògùn, èyí tí a ń pè ní Fámásì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nídìí irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ń sẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹní ń sẹ́ ògì. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ẹni tí máàkì rẹ̀ nínú kẹ́mísìrì àti àwọn sáyẹ́ǹsì yòókù kò bá tó iye tí wọ́n fẹ́, kò ní lè bá Fámásì tàbí ìmọ̀ ìṣègùn lọ sí ọdún kejì. Ẹ̀ka mìíràn ni wọn yóò ní kó wá lọ. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ lásán ni máàkì yìí. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ti fi ọkàn sí láti kékeré ni ó fẹ́ bọ́ lọ.

Ní sáà kejì ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ organic chemistry, ìyẹn apá kẹ́mísìrì tó dá lórí kábọ́ọ̀nù. Ó wálé ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, kò jẹun. Nígbà tí ìyá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú, ó ní, "Mọ́mì, mọ́kànlá ni mo gbà nínú ọgbọ̀n." Ìyá mi tó wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà ní ayé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ìyàwó mi ní kí a gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní, "A ó gbàdúrà. Ṣùgbọ́n, ọmọ mi, mú ìwé àti bírò wá ná. Kí a wo ìsàlẹ̀ ìkòkò kí a tó sọ pé oúnjẹ ti tán."

Ìṣirò tí a ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà kò le. Tẹ́ẹ̀sì jẹ́ 30, ìdánwò ìparí sáà jẹ́ 70. Ọmọ yìí ti ní 11 lọ́wọ́. Mọ́kàndínlógún ti lọ, kò sì sí ohun tó lè dá a padà. Ṣùgbọ́n odidi 70 ṣì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà, láti 70 sókè ni A, 60 sí 69 ni B, 50 sí 59 ni C. Kí ó tó ní C, ó gbọ́dọ̀ gba 39 nínú 70. Kí ó tó ní B, ó gbọ́dọ̀ gba 49, èyí tí í ṣe ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ó tó ní A, 59 ni, èyí sì lé díẹ̀ ní ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún. A ṣòro, ṣùgbọ́n C kò jìnnà, B sì ṣeé nàgà sí. Nígbà tí ó rí i lórí ìwé, ó mí kanlẹ̀, ó sì ní kí ìyá òun bu oúnjẹ wá. Ẹni tí kò mọ iye gbèsè tí ó jẹ ni ẹ̀rù máa ń bà jù.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti kọ

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí tẹ́ẹ̀sì bá ṣubú lé lórí kì í wo ẹ̀yìn rárá. Wọn á ju ìwé náà nù, wọn á ní àwọn yóò kàwé sí i. Kí ni wọn yóò kà sí i? Wọn kò mọ̀.

Mo ní kí ọmọ mi padà lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Mo kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ tọrọ máàkì, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní "sorting", nítorí máàkì tí a fi owó tàbí ara rà, olè ni. Kí ó ṣáà bẹ olùkọ́ náà pé kó jẹ́ kí òun rí ìwé tẹ́ẹ̀sì òun. Mo ní kí ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin kan dání, kí wọ́n lọ ní ọ̀sán gangan, ní àkókò tí olùkọ́ náà fi sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ó wólẹ̀ kí i, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo fẹ́ mọ ibi tí mo ti ṣì í ni." Olùkọ́ náà yọ ìwé náà fún un, ó sì fi ogún ìṣẹ́jú ṣàlàyé.

Nígbà tí wọ́n pín máàkì 19 tó sọnù náà, ibi mẹ́ta ni wọ́n ti sọnù. Mẹ́rin lọ nítorí pé àkókò tán, kò dé orí ìbéèrè ìkẹyìn. Mẹ́fà lọ nínú yíya àwòrán. Kábọ́ọ̀nù kan ní ọwọ́ mẹ́rin tí ó fi ń di àwọn mìíràn mú, kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mi ti fún kábọ́ọ̀nù ní ọwọ́ márùn-ún ní ibi méjì. Mẹ́sàn-án tó kù lọ lórí àwọn ìbéèrè "èéṣe".

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín bí òun náà ṣe fi hàn mí. Ní nǹkan bí ọdún 1870, Vladimir Markovnikov, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà, gbé òfin kan kalẹ̀. Bí a bá po ohun tí a ń pè ní propene mọ́ hydrogen bromide, háídírójìn yóò lọ sọ́dọ̀ kábọ́ọ̀nù tó ti ní háídírójìn púpọ̀ jù tẹ́lẹ̀ nínú àwọn méjì tó fi ọwọ́ méjì di ara wọn mú. Bí ẹní ń sọ pé ọ̀dọ̀ olówó ni owó ń lọ. Bùrómíìnì yóò wá lọ sọ́dọ̀ kábọ́ọ̀nù àárín. Ọmọ mi mọ òfin yìí sórí bí orin. Ṣùgbọ́n tẹ́ẹ̀sì kò béèrè òfin, ìdí ni ó béèrè. Ìdí náà ni pé nígbà tí háídírójìn bá kọ́kọ́ wọlé, kábọ́ọ̀nù kejì ni yóò ru ẹrù iná tó ṣẹ́ kù fún ìgbà díẹ̀. Kábọ́ọ̀nù àárín tó ní kábọ́ọ̀nù mìíràn lọ́tùn-ún àti lósì lè fara da ẹrù náà ju èyí tó dá wà ní ìpẹ̀kun lọ. Èmi tí n kò kọ́ kẹ́mísìrì, ó yé mi. Ẹni tó mọ ìdí yìí lè dáhùn ogún ìbéèrè tí kò rí rí. Ẹni tó mọ òfin lórí nìkan, ìbéèrè kan náà ni yóò lè dáhùn.

Pa ìwé náà dé

Ọ̀lẹ kọ́ ni ọmọ mi. Kí tẹ́ẹ̀sì tó dé, ó ń ka kẹ́mísìrì ní wákàtí mẹ́ta lóòjọ́. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń kà á ni pé yóò ṣí ìwé, yóò fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, yóò tún un kà, yóò sì ní ó ti yé òun. Ojú ti mọ̀ ọ́n, ọwọ́ kò mọ̀ ọ́n.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, èdè Gíríìkì ni ó kọ́ mi ní ìyàtọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tó dà bí "náà" lọ́dọ̀ tiwa, ó sì ní ojú mẹ́rìnlélógún. Láràárọ̀ ni olùkọ́ wa máa ń fún wa ní tákàdá funfun pé kí a kọ gbogbo rẹ̀ láìwo ibì kankan. Ẹni tí ó bá ṣì í, yóò wo ìwé, yóò sì tún un kọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti wọ̀ wá lára.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ka ìwé kan ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Wọ́n ní kí àwọn mìíràn kà á lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì fi ìgbà mẹ́ta yòókù pa á dé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń kà á ṣáá ló rántí jù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù lọ́wọ́ wọn, nígbà tí àwọn tó ń dán ara wọn wò ní nǹkan bí 61. Ẹ kò rí i pé ìdánwò kì í dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù fún ọmọ mi. Kò fi kún wákàtí rẹ̀. Ó yí bí ó ṣe ń lò wọ́n padà. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, yóò ka nǹkan díẹ̀, yóò pa ìwé dé, yóò sì ya á láti ọkàn wá. Àwọn tó ṣì ni yóò tún ṣe lọ́jọ́ kejì, àti lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ní ọjọ́ Sátidé, òun àti àwọn mẹ́ta kan yóò mú ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, wọn á gbé aago sílẹ̀, wọn á sì dáhùn rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n wà ní gbọ̀ngán ìdánwò. Èyí ni ó wo ààrùn máàkì mẹ́rin tí àkókò gbé lọ. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó bá wálé, yóò jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, yóò ní, "Dádì, ẹ gbọ́ eléyìí." Èmi ni mo di akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bí kò bá yé mi, yóò mọ̀ pé kò tíì yé òun náà dáadáa.

Ọ̀rọ̀ àdúrà àti oorun

Àwọn ará ilé gbàdúrà, a kò sì jáwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní kí ọmọ náà má wá sí ìṣọ́ òru ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, kí àwa máa bá a ṣe é. Àwọn kan nínú ìjọ kò fẹ́ràn èyí. Mo sọ fún wọn pé ìgbà tí ènìyàn bá sùn ni ọpọlọ máa ń to ohun tí ó kọ́ lọ́sàn-án jọ. Ẹni tí kò sùn láti Jímọ̀ di Sátidé, inú agbọ̀n ni ó ń da omi sí. Dáníẹ́lì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbàdúrà ní Bábílónì, wọ́n sì tún lo àkókò tí wọ́n là sílẹ̀ fún wọn láti kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan kò gba iṣẹ́ èkejì ṣe.

Nígbà tí èsì jáde, 52 ni ó gbà nínú 70. Pẹ̀lú 11 àkọ́kọ́, ó di 63. B nìyẹn, ó sì wọ ọdún kejì nínú Fámásì.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń rí báyìí. Ọmọkùnrin kan nínú ìjọ wa gba 6 nínú 30 nínú físíìsì. Ó ṣe gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí, 38 ni àpapọ̀ rẹ̀, ó sì ní láti tún un kọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà sí i, ìpìlẹ̀ ti wà nílẹ̀, C ni ó sì fi jáde. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn kò ṣòfò. Ó pẹ́ kí ó tó so èso ni.

Ẹ̀yin òbí, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọmọ bá mú máàkì burúkú wálé, ẹ fún un lóúnjẹ kí ẹ tó fún un ní ìbáwí. Ẹ má fi máàkì ọmọ ẹlòmíràn nà án. Ẹ má tètè wá àjẹ́ kiri nígbà tí ẹ kò tíì wo ìwé tẹ́ẹ̀sì. Ọmọ tí ẹ̀rù ilé bá ń bà yóò fi máàkì pamọ́, ìgbà tí ẹ bá sì fi máa gbọ́, 70 tó kù ti lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí máàkì bá kéré ní àárín sáà, ẹ ṣírò ohun tó kù, ẹ lọ wo ibi tí ẹsẹ̀ ti kọ, ẹ pa ìwé dé kí ẹ dán ara yín wò, kí ẹ sì sùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Kí Olúwa fún yín ní sùúrù láti ṣe é.