Ìrìn-àjò Wa sí Ìlú York, àti Àkàrà Òyìnbó tí A Jẹ Níbẹ̀

Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi wá léèrè nígbà ìpàdé pé, "Akọ̀wé, nígbà wo ni ẹ ó sọ ohun tí ojú yín rí ní Ìlú Òyìnbó fún wa?" A ti ń fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀, nítorí pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń tì wá lójú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ bá wa kálọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni a gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, tí í ṣe àkọ́bí ìyá wa, ni ó fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ pé kí á wá wo òun. Ọdún mọ́kànlá ni a kò ti fojú kan ara wa. A wọ ọkọ̀ ojú irin ní Rìgásá níhìn-ín, lórí ọ̀nà tí wọ́n ṣí ní 2016, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 186, a sì dé Àbújá. Láti ibẹ̀ ni a ti wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ibùdókọ̀ King's Cross ni a ti wọ ọkọ̀ tí ń lọ sí York. Máìlì 188 ni ibẹ̀ sí York, kò sì ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ. Bí ó ti jẹ́ pé iṣẹ́ ojú irin ni à ń jẹ, ohun tí a kọ́kọ́ wò ni àlàfo tí ó wà láàárín irin méjèèjì. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íǹṣì mẹ́jọ àbọ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀nà tuntun wa láti Àbújá sí Kàdúná. Ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn òyìnbó là láti Èkó, èyí tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ péré ni tirẹ̀. Inú wa dùn pé a rí ohun kan tí ó jọ ti ilé.

Ibùdókọ̀ York rẹwà lójú ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ojú irin. Ọdún 1877 ni wọ́n ṣí i. Òrùlé rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè, ojú irin náà sì tẹ̀ tẹ̀lé e, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá dúró ní ìdí ọkọ̀ kò lè rí orí rẹ̀. Kò jìnnà síbẹ̀ ni ilé ńlá tí wọ́n kó àwọn ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ sí wà. Ọdún 1975 ni wọ́n ṣí èyí náà, a kì í sì í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ènìyàn. Níbẹ̀ ni a ti fọwọ́ kan ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń pè ní Mallard, èyí tí ó sá eré máìlì 126 ní wákàtí kan ní ọjọ́ kẹta oṣù keje ọdún 1938. Títí di òní olónìí, kò sí ọkọ̀ ojú irin eléèéfín tí ó tíì borí rẹ̀. A dúró tì í títí tí ẹ̀gbọ́n wa fi ní kí á má sọ ọ́ di òrìṣà.

Ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ṣokoléètì ni York jẹ́ pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ìdílé Rowntree ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn ní 1862, ibẹ̀ náà sì ni ṣokoléètì tí gbogbo ọmọ mọ̀ sí KitKat ti jáde ní 1935. Bẹ́ẹ̀ ni igi kòkó kan kò hù ní gbogbo ilẹ̀ náà. Láti ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ni kòkó ti ń lọ bá wọn. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ti gbin kòkó rí, kó má ṣe rò pé àjèjì pátápátá ni òun ní ìlú yẹn.

Ìgbà ìwọ́wé ni a bá wọn. Láti oṣù kẹsàn-án títí dé ìkọkànlá ni, láàárín ìgbà tí oòrùn wọn ń mú àti ìgbà tí òtútù ńlá ń bọ̀. Ewé igi á pọ́n bí osùn, òmíràn á pupa bí epo, á wá máa já bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sórí ọ̀nà. Ilẹ̀ a tètè ṣú. Nígbà tí oṣù kẹwàá ń parí lọ, ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn, gbogbo ìlú fa aago wọn sẹ́yìn ní wákàtí kan. Àwa tí a fi aago jẹun, ó jọ wá lójú púpọ̀. Èso kan wà nínú igbó wọn tí ó dúdú, ẹ̀gún sì bo igi rẹ̀. Tọmọdé tàgbà ni í máa ń ká a. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wọn a máa sọ pé bí àjọ̀dún Máíkẹ́lì Mímọ́ bá ti kọjá ní òpin oṣù kẹsàn-án, kí ẹnikẹ́ni má ká a mọ́, pé Sátánì ti tutọ́ sí i lára. A rẹ́rìn-ín, nítorí pé èèwọ̀ àwọn ìyá wa náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á dé ilé. Ẹ̀gbọ́n wa ń ṣiṣẹ́ òru níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá, kúnlẹ̀ kí wa ní alẹ́ tí a dé, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ìyẹn nìkan ni ìkíni tí ó mọ̀. A gbé e dìde, a súre fún un. Bí a ti gbójú sókè ni a rí àwòrán ìyá wa lára ògiri, àti lábẹ́ rẹ̀, nínú férémù tí ó ní dígí, ìwé ìsìnkú ìyá wa.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa lọ sí Ọ̀fà ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 rántí ìwé náà. Ẹni ọdún 74 ni ìyá wa, òkú àgbà ni a sin, a sì din àkàrà kárí àdúgbò. Ẹ̀gbọ́n wa kò wá. Nígbà tí ẹbí jókòó, wọ́n ní ọmọ tí kò bá wá sin ìyá rẹ̀ kì í ṣe ọmọ. Àwa ni akọ̀wé láàárín wọn. Àwa ni a kọ ìwé náà, tí a sì kó o lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ọmọ mẹ́rin ni a kọ síbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó di ọwọ́ wa mú. Inú ń bí wa ni, ọwọ́ wa sì kọ ohun tí inú wa ń sọ. Ẹni tí ó gbé wa pọ̀n, ẹni tí ó ń bá ìyá wa din àkàrà ní ibùdókọ̀ Kàdúná kí á lè ka ìwé mẹ́fà tí a kà, orúkọ rẹ̀ ni a yọ kúrò. Òun sì rèé, ó gbé ìwé náà kọ́ sára ògiri ilé rẹ̀. A kò sùn lóru ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó jí wa. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, dìde, lọ fọ ọwọ́ rẹ. Àkàrà òyìnbó ni a fẹ́ ṣe lónìí."

Oúnjẹ náà ni àwọn òyìnbó ń pè ní scone. Àwọn kan ń pè é ní síkóònù, àwọn mìíràn ní síkọ́ọ̀nù, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ ṣe àríyànjiyàn títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Ilẹ̀ Scotland ni ó ti ṣẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé láti 1513. Orí irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ti ń yan án nígbà náà. Nígbà tí ó di 1843, ọkùnrin kan ní Birmingham tí ń jẹ́ Alfred Bird ṣe páúdà tí ń mú fúláwà wú láìlo yíìsì, nítorí pé yíìsì kò bá ìyàwó rẹ̀ lára mu. Páúdà bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí nǹkan yìí máa ga sókè bí a ti ń rí i lónìí.

Báyìí ni a ṣe é. A wọn fúláwà gíráàmù 450, a bu páúdà tí ń mú un wú ṣíbí ìpotíì mẹ́rin sí i pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. A gé bọ́tà tútù gíráàmù 100 sí wẹ́wẹ́, a sì fi orí ìka fi í ra fúláwà náà títí tí ó fi rí bí gàárì. A da ṣúgà gíráàmù 50 sí i, àti èso àjàrà gbígbẹ gíráàmù 100. A lu ẹyin méjì, a fi mílíìkì bù ú kún títí ó fi tó ìdá mẹ́ta lítà kan, a sì ń dà á síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi mú ara rẹ̀ pọ̀. Ibẹ̀ ni a ti ṣìṣe. A bẹ̀rẹ̀ sí í po ó pẹ̀lú agbára bí ìyá wa ti kọ́ wa láti máa po ẹ̀wà.

Ẹ̀gbọ́n wa di ọwọ́ wa mú. Ó ní, "Rárá o. Ẹ̀wà àkàrà, bí o kò bá pò ó títí, kò ní í wú. Èyí, bí o bá pò ó jù, á le bí òkúta. Fi í sílẹ̀."

Ó tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, kí ó nípọn tó íǹṣì kan, ó ń fi ẹnu ife gé e róbótó. Láìgbójú sókè ni ó wá sọ pé:

"Ní ọjọ́ tí ẹ ń sin Ìyá, ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba. Bí mo bá jáde nílùú nígbà náà, ọ̀rọ̀ ìwé náà parí nìyẹn, n kò sì ní lè padà wá bá ọmọ mi. Mo sọ fún wọn nílé, wọ́n ní àwáwí ni. Ibi iṣẹ́ òru ni mo ti ń bọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Orí fóònù ni mo ti rí pósí Ìyá. Mo fẹ́ din àkàrà. Kò sí ẹ̀wà nílé, fúláwà ni mo ní. Ni mo bá ṣe èyí, mo gbé e dé ojúlé mẹ́fà ládùúgbò yìí. Mo ní ìyá mi ló kú, àgbà ni, oúnjẹ ni a máa ń pín nílẹ̀ wa. Wọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á, wọ́n sì jẹ ẹ́. Ìyá arúgbó tó wà ní òdìkejì bá mi jókòó títí di ọ̀sán."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wa. Nígbà tí ó ṣe, a wí fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo kọ ìwé yẹn."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ta ni yóò tún pe Ìyá ní ọ̀gá àwọn alákàrà Kàdúná bí kò ṣe ìwọ? Gbé e sínú ààrò, iná ti mú."

Iná ààrò náà jẹ́ 220 lórí òṣùwọ̀n. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó lò, ó wú, ó pọ́n, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Ìyá arúgbó òdìkejì wá bá wa jẹ ẹ́ pẹ̀lú tíì. Ó kọ́ wa pé ní Devon, wàrà dídì ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi sí i kí jáàmù tó gùn ún, ṣùgbọ́n ní Cornwall, jáàmù ni ó ń ṣáájú. Nígbà tí ó gbọ́ pé àbúrò ni àwa jẹ́, ó di ọwọ́ wa méjèèjì mú, ó sì ń wo àwòrán ìyá wa. Ọdọọdún ní oṣù kẹwàá ni ẹ̀gbọ́n wa fẹ́ máa ṣe é báyìí, kí ó sì máa pín in. A kọ́ ọmọ rẹ̀ ní "Ẹ kúùrọ̀lẹ́" kí a tó kúrò níbẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Nígbà tí a padà dé Kàdúná, ọyẹ́ ti dé. A ṣe é fún ilé wa. Èso àjàrà gbígbẹ wọ́n, ṣùgbọ́n dàbínù kún ọjà wa; a yọ kóró rẹ̀, a gé e wẹ́wẹ́. Dípò mílíìkì, nọ́nọ̀ tí ó kan díẹ̀ ni a lò, ó sì mú kí ó rọ̀ dáadáa. Ẹni tí kò bá ní ààrò, kí ó da yanrìn sínú ìkòkò ńlá, kí ó jẹ́ kí ó gbóná, kí ó gbé àwo rẹ̀ lé e, kí ó dé e, kí ó sì kó ẹyín iná díẹ̀ lé ọmọrí. Ẹ má ṣe pò ó jù.

Èyí tí ó kù ni ìdí tí a fi mú bírò. Nínú ìròyìn ẹbí tí a fi síta nínú ìwé Ẹgbẹ́ yìí ní òpin ọdún 2023, a kọ ọ́ pé ọmọ mẹ́rin ni olóògbé ìyá wa fi sáyé lọ. Àwa ni a kọ ọ́, irọ́ sì ni. Ọmọ márùn-ún ni. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ń gbé ní York, ó sì ṣe òkú ìyá rẹ̀ bí ọmọ ti ń ṣe é. A ti sọ ọ́ níwájú ẹbí ní Ọ̀fà, a sì tún ń sọ ọ́ níwájú yín. Ẹni tí ìwé náà bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ bá wa fa ilà sí mẹ́rin, kí ó kọ márùn-ún.

Ọlọ́run á jẹ́ kí á máa fi ayọ̀ rí ara wa. Àṣẹ.