Ọkọ̀ Agékoríko, Agbáyìnyín

Iṣẹ́ méjì ni ó ń bá onílé fínra yípo ọdún ní ìlú Minneapolis, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí mo ń gbé. Nígbà ooru, koríko àgbàlá ń hù bí èyí tí a bu ajílẹ̀ sí. Nígbà òtútù, òjò dídì ń bọ́ láti òkè, ó ń funfun bí òwú, ó sì ń bo ọ̀nà mọ́lẹ̀. Òfin ìlú sì ni pé kí wákàtí 24 tó pé tí òjò náà dá, onílé gbọ́dọ̀ ti kó o kúrò ní ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ iwájú ilé rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Òjò dídì tí ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú a máa wúwo nínú ṣọ́bìrì. Òtútù a máa fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, làálàá a sì máa mú kí ọkàn sáré. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń ṣubú lulẹ̀ lọ́dọọdún pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, tí wọn kì í sì í dìde mọ́. Bàbá àgbà kan, ọmọ Èkìtì, ni ó múlé ti èmi. Dókítà ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ṣọ́bìrì mọ́. Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín kó o.” Wọ́n mi orí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá jókòó tí mo ń wo ẹlòmíràn nídìí iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà mi, ọjọ́ náà ni mo di ẹrù.” Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Mo rí i pé kì í ṣe olùrànlọ́wọ́ ni Bàbá ń wá, irinṣẹ́ ni.

Mo ra ògbólógbòó àga oníkẹ̀kẹ́ kan, irú èyí tí bátìrì ń gbé kiri fún àwọn tí kò lè rìn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ méjì ṣì dára: ọ̀kan ń yí táyà ọ̀tún, èkejì ń yí ti òsì. Bí méjèèjì bá yára bákan náà, ọkọ̀ a lọ tààrà; bí ti ọ̀tún bá yára jù, a yà sí òsì. Mo so bátìrì méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 12, pọ̀ di 24. Mo de ṣéènì mọ́ táyà kí ó má baà máa yọ̀, mo sì gbé àpò yanrìn lé ọkọ̀ náà; nítorí ọkọ̀ tí ó bá fúyẹ́, yìnyín ni yóò dá a dúró. Mo fi irin pẹlẹbẹ síwájú rẹ̀ láti máa gbá yìnyín sí etí ọ̀nà, mo sì fi sípíríńgì sẹ́yìn irin náà kí ó lè tẹ̀ bí ó bá kọlu kọnkéré. Nígbà ooru, ọ̀bẹ ìgékoríko ni ó ń rọ́pò irin yìí.

Ọ̀bẹ náà ni ó bà mí lẹ́rù jù, nítorí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín koríko àti ẹsẹ̀ ọmọdé. Mo fi bọ́tìnnì pupa ńlá kan sẹ́yìn ọkọ̀ tí ń pa gbogbo iná rẹ̀. Bí àṣẹ rìmóòtù kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, a dúró fúnra rẹ̀. Bí ó bá sì gbé orí sókè, ọ̀bẹ a kú. Lóòótọ́, láti ọdún 1995 ni ilé-iṣẹ́ Husqvarna ti ilẹ̀ Sweden ti gbé ẹ̀rọ tí ń dá gé koríko jáde. Èmi náà ìbá fi kọ̀ǹpútà àti sátẹ́láìtì darí tèmi. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì lásán lè fi mítà mélòó kan ṣìnà, ìyẹn sì tó láti gbé ọ̀bẹ dé àgbàlá onílé mìíràn. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò fẹ́ kí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ Bàbá lọ́wọ́ wọn.

Nígbà òtútù tí ó tẹ̀lé e, Bàbá jókòó sẹ́yìn fèrèsé, rìmóòtù lọ́wọ́, wọ́n gbá yìnyín iwájú ilé tiwọn tán, wọ́n sì darí ọkọ̀ náà wá sí iwájú ilé tèmi. Kò lè borí òjò dídì tí ó bá muni dé orókùn, òtútù a sì máa dín agbára bátìrì rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n bí a bá ń lò ó lóòrèkóòrè bí òjò ti ń bọ́, ó ń ṣe bẹbẹ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹ tó bèèrè ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí yóò wúlò fún. Ẹ̀rọ tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbà, tí ó sì fi í sílẹ̀ bí ẹni tí kò wúlò mọ́, kò tíì ràn án lọ́wọ́. Èyí tí ó bá fún ọwọ́ tí ó ti rẹ̀ ní agbára ni irinṣẹ́ tòótọ́.