Kò Sẹ́ni Tó Kí Mi Kú Ọ̀fọ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: mo fẹ́ràn ìwé ìfẹ́. Kóòdù ni mo ń kọ jẹun, mo sì ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, síbẹ̀ tí ẹ bá tú fóònù mi wò, ìwé ìfẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀ ju ìwé kọ̀ǹpútà lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ìwé obìnrin ni. Èmi náà á kàn rẹ́rìn-ín, torí mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún wọn pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí n sun ẹkún tó yẹ kí n ti sun tipẹ́.

Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kó mi wọ̀ ọ́. SS2 ni mo wà nígbà yẹn, ní Ìyìn-Èkìtì níbí. Ìwé náà ti jáde láti 1974, Túndé Kèlání sì ti fi ṣe fíìmù ní 1997, àmọ́ lójú tèmi ó dà bíi pé àná ni wọ́n kọ ọ́. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, tí ìyá rẹ̀ ń yọ lẹ́nu pé kó mú ìyàwó wálé. Àṣàkẹ́. Lọlá. Ṣadé. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé èèyàn lè fi Yorùbá sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láìjẹ́ pé ó ń wàásù tàbí pé ó ń parí ìjà tọkọtaya.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bọ́ sórí tàwọn Òyìnbó. Mo ka The Fault in Our Stars, tí John Green gbé jáde ní 2012. Hazel àti Augustus, ọmọdé méjì tí jẹjẹrẹ ti bá jà. Ibi ìpàdé àwọn tó ní jẹjẹrẹ ni wọ́n ti pàdé ara wọn. Mo kà á tán, mo sunkún díẹ̀, mo lọ jẹ iyán. Ìgbà tó yá ni mo tó rí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Tiwọn, àìsàn ló mú kí wọ́n pàdé. Tiwa níbí, àìsàn tí kò tíì sí, lára ọmọ tí a ò tíì bí, ló ń tú ìfẹ́ ká.

Tíṣà ni ọmọbìnrin tí mò ń sọ yìí, ní Adó. Láti 2016 títí di 2018 la fi fẹ́ra wa. Ó ti mọ ìyá àgbà mi ní Ìyìn. Tó bá wá kí wa lọ́jọ́ Sátidé, àwọn méjèèjì á jọ máa bó ẹ̀gúsí, wọ́n á gbàgbé pé mo wà níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì ní ká lọ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù ká tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ̀rù ò bà mí. AS ni òun, ó sì ti sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ní tèmi, láti kékeré ni ìwé àyẹ̀wò kan ti wà lọ́wọ́ mi tó sọ pé AA ni mí. Àyẹ̀wò tuntun jáde: AS. A lọ ṣe é níbòmíràn. AS. A tún ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta. AS.

Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni mo ṣe: mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo kọ ètò kékeré kan. Mo dá ìdílé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sínú rẹ̀, bàbá AS, ìyá AS, mo ní kí wọ́n máa bímọ. Gbogbo wa la mọ ìṣirò yẹn: fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìpín kan nínú mẹ́rin ni pé ó máa jẹ́ SS. Àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣì í gbọ́. Wọ́n rò pé tí ẹ bá bí mẹ́rin, ọ̀kan péré ló máa ní in, àwọn mẹ́ta yòókù ti bọ́. Rárá o. Dáìsì lúdò kì í rántí iye tó já sí kẹ́yìn. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá bí ọmọ méjì, nǹkan bíi 56 nínú 100 ni pé kò ní sí SS kankan nínú wọn. Tí ẹ bá bí mẹ́ta, ó di 42. Mẹ́rin, 32. Mo jókòó, mò ń wo nọ́ńbà yẹn bó ṣe ń lọ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, a jókòó sí Fájúyì ní Adó, a tú u ká. Kò sí ìjà. Kò sẹ́ni tó ṣẹ ẹnì kejì. Ó dá ṣájà mi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà fún mi, mo sì wọkọ̀ lọ sí Ìyìn.

Àwọn èèyàn kí mi o, àmọ́ kú oríire ni wọ́n kí mi. Wọ́n ní ọpọlọ wa pé. Pásítọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé a tètè mọ̀. Bọ̀dá mi kan ní, "Obìnrin pọ̀ nílẹ̀ jàre, wá AA kan fẹ́." Ká ní ó kú ni, wọn ì bá wá bá mi jókòó, wọn ì bá ní kú ọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ó wà láàyè, ní Adó níbí, tí kò jìnnà sílé wa rárá. Irú ọ̀fọ̀ wo wá nìyẹn? Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Láti ìgbà náà, tí mo bá bá ọmọbìnrin pàdé, jẹ́nótáìpù ni mo máa kọ́kọ́ bi í. Tó bá ní AA lòun, mo tún máa wá nǹkan míì tí kò dáa lára rẹ̀.

Ní 2023 ni mo ra Stay With Me ti Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ ní Ìbàdàn. Ó ti jáde láti 2017. Ìtàn Yéjídé àti Akin ni, tọkọtaya kan ní Iléṣà láyé ìjọba ológun. Inú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Èkìtì ni mo ti ń kà á. Ọ̀nà kan náà ni: Iléṣà, Ìtàwúrẹ́, Àràmọkọ, Ìgèdè, Ìyìn. Nígbà tá a ń gba Iléṣà kọjá, mò ń yọjú wo àwọn ilé bíi pé màá rí wọn. (Tí ẹ ò bá tíì kà á, ẹ fo ìpínrọ̀ kan tó kàn, torí mo máa tú àṣírí rẹ̀.)

Inú kọ́kọ́ bí mi. Ọmọ kìn-ín-ní kú. Ọmọ kejì kú, sickle cell ló pa á. Mo pariwo nínú ọkọ̀ pé, "Ẹ ti máa ṣàyẹ̀wò kẹ́ ẹ tó fẹ́ra yín o!" Ìyá tó jókòó tì mí wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Wọ́n wá bí ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Rótìmí. Orúkọ yẹn gan-an ni àkọlé ìwé náà: dúró tì mí. Àìsàn náà wà lára òun náà. Yéjídé wá ṣe ohun kan tó mú kí n dákẹ́. Kò jẹ́ kí ọkàn òun fà mọ́ ọmọ náà, kí ikú má baà bá a lójijì. Nígbà tó gbà pé ọmọ ti kú, kò dúró wò ó, ó ti lọ sí Jos. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Ọmọ ò kú.

Mo pa ìwé náà dé. Èmi gan-an ni obìnrin yìí.

Orúkọ ọmọ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Gbogbo wa la mọ àwọn orúkọ àbíkú: Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ni sickle cell o. Ibà àti ṣọ̀pọ̀nná náà pa ọmọ. Ṣùgbọ́n 1910 ni James Herrick, dókítà kan ní Chicago, tó kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé, ó sì di 1949 kí wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ bó ṣe ń ti ara bàbá àti ìyá wá. Ṣáájú ìyẹn, ẹ̀bẹ̀ ló wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Wọ́n sì fi ẹ̀bẹ̀ náà sọ ọmọ lórúkọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo sọ ìtàn náà fún ìyá àgbà mi. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọn ò sọ nǹkan kan títí mo fi dé ibi tí Yéjídé ti lọ. Wọ́n wá bi mí pé, "Ọmọ náà ńkọ́? Ṣé ó dúró?"

"Ó dúró, Màmá."

"Ọpẹ́."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu wọn: ọmọ mẹ́ta ló ti lọ mọ́ wọn lọ́wọ́ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó dúró. Nígbà tí wọ́n bí i, àwọn èèyàn ní kí wọ́n má fà á mọ́ra jù. "Mo ní irọ́ ni," wọ́n ní. "Mo pọ̀n ọ́n. Tó bá máa lọ, ẹ̀yìn mi ni yóò ti lọ."

Wọ́n wá gbójú sókè. "Tíṣà tó máa ń bá mi bó ẹ̀gúsí ńkọ́? O ò dárúkọ rẹ̀ fún mi mọ́."

"Màmá, a ti fi ara wa sílẹ̀ tipẹ́."

"Mo mọ̀. Wọ́n sọ fún mi. Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ó dùn mí."

Ọdún márùn-ún ni mo ti ń dúró de gbólóhùn yẹn láìmọ̀. Mo sunkún bí ọmọdé. Wọn ò ní kí n dákẹ́. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí wọn lọ.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣàyẹ̀wò o. Ẹ lọ ṣe é, ẹ má gba ìwé kan ṣoṣo gbọ́, kí ẹ sì ṣe é kí ọkàn yín tó wọlé jìnnà. Tí a bá tún padà sí 2018, ohun tá a ṣe náà la máa ṣe. Àmọ́ ìpinnu tó tọ́ náà lè ní ọ̀fọ̀ nínú. Tí ọ̀rẹ́ yín bá wá sọ fún yín pé AS àti AS ti tú àwọn ká, ẹ má sáré kí i kú oríire. Ẹ lọ jókòó tì í ná.

Mo gbọ́ pé ó ti ṣègbéyàwó. Inú mi dùn, ó sì tún dùn mí díẹ̀. Tó bá di Sátidé, màá lọ bá Màmá bó ẹ̀gúsí.