Ìrìn Òwúrọ̀ Létí Ọ̀sà Àgbádárìgì

Ní ọdún tí ó kọjá ni dókítà wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó mi orí, ó sì wí fún mi pé bí n kò bá fi àga sílẹ̀ kí n máa rìn, jíjókòó náà ni yóò pa mí. Ó ní kí n máa rìn tó bẹ́ẹ̀ tí èémí mi yóò fi yára díẹ̀, ṣùgbọ́n tí n ó ṣì lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì pé 150 ìṣẹ́jú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀ fún àgbàlagbà, ó tó. Ìyá àwọn ọmọ mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju bí èmi ti gbọ́ ọ lọ. Ní ọjọ́ kejì, kí aago mẹ́fà tó lù, ó ti gbé bàtà mi sí ẹnu ọ̀nà.

Ìlú omi ni Àgbádárìgì tí a ń gbé. Ọ̀sà wà ní gúúsù rẹ̀, ìkọjá ọ̀sà ni ilẹ̀ Gberefu, lẹ́yìn Gberefu ni òkun ńlá. Ẹni tí ó bá fẹ́ rìn yípo kò ní wá ọ̀nà jìnnà: yóò bẹ̀rẹ̀ létí omi, yóò yà wọ inú ìlú, yóò sì tún já sí etí omi. Ìṣẹ́jú 40 ni ó ń gbà wá. Bí a bá ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, a ti san gbèsè dókítà.

A máa ń kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, omi a wà ní ọwọ́ òsì, oòrùn a máa yọ bọ̀ lẹ́yìn wa. Afẹ́fẹ́ a tutù nígbà náà. Àwọn apẹja a máa ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, àwọn obìnrin a sì ti dúró dè wọ́n pẹ̀lú agbọ̀n. Wọn a kí wa ní èdè Ògù, àwa a dáhùn ní Yorùbá, kò sì sí ẹni tí ó ṣì í gbọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ẹni tí orúnkún ń dùn lè fi ọ̀pá rìn ín. Kìkì kí ẹ ṣọ́ra fún àwọn ọlọ́kadà, tí kò ka ẹlẹ́sẹ̀ sí nǹkan kan.

Kò pẹ́ tí a ó fi dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn C.M.S., tí a parí ní 1845, tí a sì ń kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Níbẹ̀ ni mo máa ń dúró, dókítà ìbáà bínú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845 ni Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ìlú yìí. A ti kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Ó dàgbà ní Sàró, ó sì di àlùfáà ní 1843. Abẹ́òkúta ni ó ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ tí ń retí àwọn míṣọ́nárì ti kú, ogun sì dí ọ̀nà. Bí ọdún kan àti ààbọ̀ ni ó fi dúró létí ọ̀sà yìí. Nígbà tí ó dé Abẹ́òkúta ní 1846 ni ó tó rí ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti pínyà. Mo máa ń rò ó pé ní gbogbo òwúrọ̀ tí ó jí níhìn-ín, ìyá rẹ̀ wà láàyè ní ibi tí ẹsẹ̀ lè dé, òun kò sì mọ̀.

“Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ara yín tutù,” ni ìyá àwọn ọmọ a máa wí, a ó sì tún mú ọ̀nà pọ̀n.

Nígbà tí a bá yà wọ inú ìlú, a ó kọjá ní ọjà Vlekete, níbi tí a ti ń ta ènìyàn ní ìgbà nì, àti ní ilé Sẹ̀ríkì Williams Abass. Ẹrú tí a kó lọ sí Brazil ni òun pàápàá rí, kí ó tó padà wá di olówò ẹrú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé mi títí di òní. Láti ilẹ̀ yìí ni a ti ń fi ọkọ̀ kó wọn sọdá ọ̀sà, tí wọ́n a sì fi ẹsẹ̀ tí a dè rin Gberefu já sí òkun. Àwa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní apá ibẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni òkúta ìrántí igi Agia. Lábẹ́ igi náà ni Thomas Birch Freeman, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ẹni tí baba rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ti wàásù ní 24 Oṣù Kẹsàn-án, 1842. Townsend ti C.M.S. dé ní oṣù Kejìlá, wọ́n sì jùmọ̀ ṣe Kérésìmesì. Igi náà wó ní 1959.

Láti ibẹ̀, a ti ń gbóòórùn omi. Ẹ mú ìgò omi dání, ẹ sì jẹ́ kí ó di wákàtí kẹsàn-án kí ó tó bá yín nílé, nítorí oòrùn ibẹ̀ kì í ṣeré. Ní oṣù tí ó kọjá ni dókítà tún wo ẹ̀jẹ̀ mi. Ó ti wálẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì rí bí òun ti ń fẹ́. Ìyá àwọn ọmọ ti fọ bàtà mi, ó sì ti sá a sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.