Ta Ní Ń Tọpinpin Oore?

Ọmọ Agbamu ni Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo wa mọ̀ sí Ade Love, nílẹ̀ Ìgbómìnà tó múlé ti wa níbí ní Ọ̀ffà. Ní 1980 ó gbé fíìmù kan jáde, ó pè é ní Kádàrá. Ní 2009, Kúnlé ọmọ rẹ̀ gbé fíìmù Aráròmíre jáde. Ọ̀rọ̀ tí bàbá fi sọ fíìmù tirẹ̀ lórúkọ ni ọmọ tún gbé dìde, ó wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìwádìí: ta ló wà nídìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa?

Nínú Aráròmíre, àgùnbánirọ̀ ni Femi àti Sola. Nínú ojúbọ kan tí wọ́n ti pa tì nínú igbó, Sola rí ère òrìṣà Aráròmíre, ó gbé e. Ìtàn ní ẹni tó bá fọwọ́ kan ère náà yóò rí ire fún ọdún 7, ibi ọdún 7 yóò sì tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Sola lówó, ó sì fẹ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Mona. Ikọ́ fée tó ń bá Femi jà lọ pátápátá. Nígbà tí ọdún pé, gbogbo nǹkan dojú rú. Wọ́n ju ère nù, ère padà wálé. Ikú wọlé.

Kí ẹni tí kò tíì wò ó foríjì mí, n ó sọ òpin rẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni. Femi ló wà nídìí rẹ̀, nítorí ìfẹ́ Mona tó ti ń jó o nínú tipẹ́.

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, pé òrìṣà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi kò gbà. Àṣírí Femi tó tú ṣàlàyé ọdún ibi. Ọdún ire ńkọ́? Ta ló wo ikọ́ fée? Ta ló la ọ̀nà fún Sola? Fíìmù náà kò dáhùn. Ó ní kí olúkúlùkù sọ ohun tí òun gbà gbọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún èyí, nítorí ó mú àwa òǹwòran náà. Bí ibi bá dé, a ó wá ọlọ́pàá, a ó wá babaláwo, a ó lọ bá wòlíì àti àfáà. Bí ire bá dé, a ó se ìrẹsì, a ó rán ankárá. Ta ní ń tọpinpin oore?

Àwọn baba wa tọpinpin rẹ̀. Ìtàn Ifá sọ bí Oríṣẹ̀ẹ́kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ ṣe lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bá Àjàlá. Wọ́n gbé orí tó wù wọ́n, òjò sì jẹ ẹ́ mọ́ wọn lọ́rùn kí wọ́n tó dé ayé. Afùwàpẹ́ pẹ́ lẹ́yìn, nítorí ó yà kí Ọ̀rúnmìlà baba rẹ̀, ó sì rúbọ, owó àti iyọ̀. Nígbà tó dé, Àjàlá ti sá pamọ́ sórí àjà nítorí gbèsè. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà, Àjàlá fúnra rẹ̀ sì bá a ṣa orí tó le. Ire Afùwàpẹ́ ní ipasẹ̀ tí a lè tọ̀: àbẹ̀wò sọ́dọ̀ baba, ẹbọ, gbèsè ẹlòmíràn tó san. Àyànmọ́ wà níbẹ̀, ìwà náà wà níbẹ̀. Ní Ọ̀ffà tí ìjàkadì jẹ́ orò wa, a mọ̀ pé ẹnì kan kì í dá a jà.

Mi ò lè ro ìbéèrè ta ló wà nídìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa yìí kí n má rántí 5 April 2018, nígbà tí àwọn adigunjalè ya wọ báǹkì nílùú wa, tí wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọlọ́pàá 9 nínú wọn. Ní September 2024, ilé ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin dájọ́ ikú fún ènìyàn 5. Ìyẹn dáhùn ta ló ṣe é, mo sì fi gbogbo ọkàn fẹ́ kí a máa kọ́kọ́ béèrè ìyẹn. Níbi tí wọ́n bá ti ń sáré sọ pé ayé ló ṣe é, ìyá arúgbó aláìṣẹ̀ ni wọ́n ń lé jáde nílé, apànìyàn ń rìn fàlàlà. Ṣùgbọ́n adájọ́ kò lè sọ ìdí tí ẹnì kan fi wà ní báǹkì ní àkókò náà, tí ẹlòmíràn tó fẹ́ lọ sì fi í di ọ̀la. Ilé ẹjọ́ kò pe irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sí ẹjọ́.

Mo ń retí fíìmù tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú rẹ̀ yóò gba iṣẹ́ yìí: obìnrin kan yè lọ́jọ́ burúkú, ó wá gbé owó sílẹ̀ kí wọ́n bá òun wá ẹni tó dá òun dúró lọ́nà. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kadà, kí ó béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́kọ, kí ó béèrè ohun tí bàbá obìnrin náà ti ṣe fún ta ni, kí wọ́n tó bí i.